Sẹ́ẹ̀tì: ọ̀rọ̀ kékeré tó ń jókòó sílé gbogbo èèyàn

Àwọn tí wọn ò ráàyè dé ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Sátidé yẹn ló ní kí n gbé ọ̀rọ̀ tí mo sọ síta. Òun nìyí. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan ni mo yọ kúrò.

Alága ìjókòó, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, mo kí yín, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó jí wá láàárọ̀ yìí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ tí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún, mo rí yín o, ẹ má rò pé nítorí pé Òde la wà ni mo ṣe máa gbàgbé yín, ọmọ Ìpẹru ni ìyá tó bí mi. Ìjẹ̀bú ọmọ alárè, mo kí gbogbo yín.

Ẹ̀yin ọmọ mi ńkọ́? Mo ṣì ń pè yín lọ́mọ. Orí ẹlòmíì ti pá nínú yín, irùngbọ̀n ẹlòmíì funfun ju tèmi lọ, mo tiẹ̀ rí ẹnì kan tó ti di ìyá àgbà níbẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó níwájú mi ní JS 1 rí tí mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì ju ní kíláàsì, ọmọ mi ni, kò sí ohun tó lè yí i padà.

Nígbà tí akọ̀wé yín fi WhatsApp ránṣẹ́ sí mi, ohun tó kọ ni pé, "Sà, set wa fẹ́ kí ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí adarí rere." Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ adarí rere, ẹ ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ tún gbọ́ ọ lórí rédíò mọ́tò bí ẹ ṣe ń bọ̀ láàárọ̀ yìí, ohun tó ti yí padà nílùú kò tíì pọ̀. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lèmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Mo wá tún mẹ́sééjì yẹn kà, ojú mi bá kọ́ sára ọ̀rọ̀ kan tí akọ̀wé yín ò tiẹ̀ kà sí nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Set wa.

Ẹ wo báńà tó wà lẹ́yìn mi. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? SET '89. Ó wà lára fìlà yín, ó wà lára kọ́ọ̀pù tí ẹ fi ṣe sùfíníà, ó wà lára aṣọ. Ó dáa. Ẹ dá mi lóhùn bíi ti kíláàsì: kí ni sẹ́ẹ̀tì?

Ẹnì kan ní "ẹgbẹ́ wa ni, sà." Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ pé "the sun has set", ṣé oòrùn náà ti wọ ẹgbẹ́ yín nìyẹn? Tí mo bá ní "set the table", ṣé kí wọ́n lọ kọ orúkọ tábìlì sílẹ̀ kó máa san dúùsì? Tí ọdẹ bá ní "I set a trap" ńkọ́? (Ẹ̀rín.) Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sórí fìlà, ẹ ò mọ̀ ọ́n tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe tóbi tó.

Ọdún 1989 tí ẹ̀yin jáde, tí ẹ̀ ń fi bírò kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sí ẹ̀yìn yúnífọ́ọ̀mù ara yín, tí ẹ ba aṣọ tí àwọn òbí fi owó àsìkò SAP, ìgbà tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, rà jẹ́ pátápátá, ọdún yẹn gan-an ni àwọn ará Oxford gbé ẹ̀dà kejì díkíṣọ́nárì ńlá wọn jáde. Ìwé 20 ni. Kì í ṣe ojú ìwé 20 o, ìwé gidi 20, tí ẹ bá tò ó sórí ṣẹ́ẹ̀fù ó máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kan. Nínú gbogbo ìwé ogún yẹn, ọ̀rọ̀ wo lẹ rò pé àlàyé rẹ̀ gùn jù? Ẹ má sọ pé "love" o. Ẹ má sọ pé "money". Set ni. Sẹ́ẹ̀tì yín yìí. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ní ìtumọ̀ tó lé ní 430, àlàyé tí wọ́n sì kọ sí i tó ọ̀rọ̀ 60,000. Tí mo bá ní kí n dúró níbí kí n máa kà á fún yín láìmu omi, ó máa gbà mí ní wákàtí méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹsì yín á ti kan.

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, mo máa ń rò ó pé wọ́n gboyà. James Murray ni wọ́n fi ṣe olóòtú lọ́dún 1879, inú àgọ́ onípáànù tó kọ́ sí àgbàlá ilé ẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òtútù ń mú u, àwọn èèyàn káàkiri ayé ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i: mo rí ọ̀rọ̀ báyìí nínú ìwé báyìí, báyìí ni wọ́n ṣe lò ó. Pélébé pélébé ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, òun á wá máa pín in sínú àwọn ihò kéékèèké lára ògiri. Ó kú ní 1915, iṣẹ́ ò tíì parí. Ọdún 1928 ni wọ́n tó parí ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ ẹ̀ rí i pé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín ṣá, kí ẹnì kan má lọ gúgù ẹ̀ kó wá dójú tì mí: set ò sí lórí oyè yẹn mọ́. Run ti gbà á. Nígbà tí àwọn Oxford tún run yẹ̀ wò, wọ́n ka 645 fún un, ìròyìn ẹ̀ jáde ní 2011. Wọ́n ní ayé ẹ̀rọ ló fà á, ẹ́ńjìnnì ń run, kọ̀ǹpútà ń run, bísínẹ́ẹ̀sì ń run, ẹni tó ń du ipò náà ń run. Èmi ò bá run jà. Set jókòó ní tiẹ̀.

Jíjókòó yẹn gan-an ni kókó kejì tí mo fẹ́ fà yọ, òun ló sì dùn mọ́ mi jù.

Láti ilẹ̀ wá, nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, settan ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì túmọ̀ sí kò ju "mú kó jókòó" lọ. Sit ni kó o jókòó fúnra rẹ, set ni kí ẹlòmíì mú ọ jókòó. Ó tán. Gbogbo yòókù, inú ìjókòó yẹn ló ti jáde. Oòrùn ń rìn láti àárọ̀, nígbà tó dìrọ̀lẹ́ ó wá ibi jókòó sí, ó set. O gbé abọ́ jókòó sórí tábìlì, o set tábìlì. Eegun yẹ̀, bàbá oníṣègùn eegun tò ó padà kó jókòó síbi tó yẹ, ó set eegun. Òkúta olówó iyebíye jókòó sínú òrùka, wọ́n set ẹ̀. Ìyá àgbà fi adìyẹ lé ẹyin kó sàba, àwọn àgbẹ̀ ìlú òyìnbó náà ní ọ̀rọ̀ fún un, wọ́n ní wọ́n set adìyẹ. Ẹ wo irun! Ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹ rántí wọ́ọ̀ṣì-ànd-sẹ́ẹ̀tì? Ẹ á fọ irun, ẹ á fi rólà ká a, ẹ á ki orí bọ abẹ́ dráyà tó ń gbóná bí ààrò, kí ni ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ẹ ń dúró kí irun jókòó bí ẹ ṣe ní kó jókòó.

Ẹ wá gbọ́ ti sìmẹ́ǹtì, torí ìtàn wà níbẹ̀.

Lásìkò tí wọ́n ń la títì ńlá Èkó sí Ìbàdàn, èyí tó gba ìhà Ṣágámù kọjá, tí wọ́n ṣí ní 1978, àbúrò bàbá mi kan ṣe lébírà lábẹ́ kọngílá kan níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yìí lágbára bí ẹṣin, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò pọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n da kọnkéré sí ẹnu gọ́tà, òyìnbó tó jẹ́ fóòmáànù wá sọ fún un pé kó dúró tì í, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án "till it sets". Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó dúró. Ewúrẹ́ wá, ó lé e. Àwọn ọmọ kéékèèké wá, ó lé wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pè é kó wá jẹ ẹ̀bà, ó ní òun ò lè lọ. Wọ́n ní kí ló dé? Ó ní òyìnbó ti sọ pé títí oòrùn á fi wọ̀. Set tó mọ̀, ti oòrùn ni, wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: the sun rises in the east and sets in the west. Ọmọ ọ̀gá, ó dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ní tòótọ́, ebi sì ń pa á bí nǹkan míì, kọnkéré yẹn ti gan tipẹ́, ewúrẹ́ ì bá máa jó lórí ẹ̀. Nígbà tí fóòmáànù padà dé lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n san owó òfataimù fún un. Ṣùgbọ́n orúkọ lé bọ̀ọ̀dá lára. Títí tó fi kú, "Tìlísẹ́ẹ̀tì" ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ ibi tó ti wá.

Àṣìṣe ẹ̀ yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀ o. Ẹ̀kọ́ tó gbà ló lò, ó kàn lò ó níbi tí kò yẹ.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà ohun tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe gan-an. Ọ̀pọ̀ wa rò pé gbígbẹ ló ń gbẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní gbígbẹ ni, kí ló dé tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi ń wọ́n omi sí i lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta? Omi àti sìmẹ́ǹtì ló ń jẹ ara wọn, ohun tuntun ló ń hù jáde láàárín wọn, òun ló ń di ara wọn mú. Kódà ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, irú èyí tó wà ní Ṣágámù níbí, wọ́n ń lọ jíbúsọ́ọ̀mù mọ́ ọn kó má bàa yára dì jù, kí bíríkìlà ráàyè tẹ́ ẹ. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú, á tó bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Bíríkìlà tó ṣàlàyé fún mi kò lo aago. Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó wo ojú ibẹ̀, ó ní, "Tíṣà, kò tíì jókòó."

Mo ní kí ló wí?

Ó ní, "Kò tíì jókòó."

Bàbá tí kò gbé ẹsẹ̀ wọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì rí, ó sọ ohun tí settan túmọ̀ sí láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn fún mi lórí òkìtì iyanrìn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ̀ díẹ̀. Seat, ìbátan ni. Settle, ìbátan ni, torí àga ìjókòó ni orísun tiẹ̀ náà. Nítorí náà nígbà tí awakọ̀ bá ní òun ti "sẹ́tù" àwọn kan lójú títì, ohun tó ń sọ ni pé òun ti mú ọkàn wọn jókòó. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Asset ńkọ́? Rárá. Ó jọ ọ́ lójú lásán ni, ọ̀nà Faransé ló gbà wọlé, "ó tó" ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Ojú jọra, ìdílé ò jọra.

Ìyẹn ló gbé wa dé kókó kẹta. Ẹ fọkàn bá mi lọ síbí, torí báńà yín ni mo fẹ́ bá wí.

Gbogbo wa mọ Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, lónírúurú, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tiwọn, wọ́n á jó wá síwájú Awùjalẹ̀, ìgbà ayé Ọba Sikiru Adetona tó gorí oyè ní 1960 tó sì wàjà ní 2025 ló gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń wá wò ó. Ẹ ronú sí i: àlejò kan dé láti ìlú jíjìn réré, ó ra irú aṣọ òkè kan náà, ó wé gèlè kan náà, ó ki ara ẹ̀ bọ àárín ẹgbẹ́, ó ń jó. Ta ló máa mọ̀? Tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n á fi ṣe akápò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí set yín nìyẹn. Set tó wà lórí báńà, tó túmọ̀ sí ẹgbẹ́, àkójọ, kì í ṣe ọmọ settan láti ilẹ̀. Ti Látìn ni. Secta ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń tọ ọ̀nà kan náà lẹ́yìn ẹnì kan. Ó gba ilẹ̀ Faransé kọjá, wọ́n sọ ọ́ di sette, ó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bá set onílé tó ń túmọ̀ sí ìjókòó níbẹ̀, wọ́n jọ wọ aṣọ ẹbí kan náà, àti lẹ́tà àti ohùn, wọ́n sì dà pọ̀. Ọmọ ìyá ẹ̀ kan ṣì wà tí kò pààrọ̀ aṣọ: sect. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọ. Ẹ̀ya ìsìn. Nítorí náà SET '89, ìtumọ̀ ẹ̀ láti ìdílé ni "àwọn ọmọlẹ́yìn '89", tó bá wá jẹ́ pé èmi ni tíṣà yín, ẹ mọ ẹni tí ìdámẹ́wàá tọ́ sí. (Ẹ̀rín.)

Inú ilé àkójọ yìí náà ni tẹlifíṣọ̀n sẹ́ẹ̀tì wà. Ẹ ò ti bi ara yín rí pé kí ló dé tí wọ́n ń pe àpótí kan ṣoṣo ní set? Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà ẹ̀ pọ̀, ẹ̀yà yìí lọ́tọ̀, tọ̀hún lọ́tọ̀, bátìrì lọ́tọ̀, àkójọ wọn ni set. Tẹlifíṣọ̀n wá jogún orúkọ náà. Sẹ́ẹ̀tì kúlà tí ìyàwó tuntun ń gbé wọlé, inú ẹ̀ ló wà. Set ti Maths náà, èyí tí Georg Cantor ará Jámánì fi dá ẹ̀kọ́ odidi sílẹ̀, tí John Venn sì fún wa ní àwòrán òbìrípo rẹ̀ ní 1880, ibẹ̀ ló wà. Ẹ rántí òbìrípo méjì tó gun ara wọn lórí? Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀wà, àwọn tó fẹ́ràn dòdò, ta ló wà láàárín? Tíṣà Maths yín ló ń kọ́ yín, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ẹ ti ń wá béèrè ohun tí "empty set" túmọ̀ sí. Mo ní ẹgbẹ́ tí kò lọ́mọ ẹgbẹ́. Ẹ ní irú ẹgbẹ́ wo nìyẹn? Mo ní àwọn tó ti san dúùsì tán.

Ó yẹ kí n sọ ti sẹ́ẹ̀tì pápá ìṣeré, torí ẹnì kan ń wò mí láti ìlà kejì, ó mọ̀ pé mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Intahọ́ọ̀sì. Ilé aláwọ̀ ewé. Èmi ni mo dúró ti okùn lọ́jọ́ náà. "Ọ̀n yọ̀ máàkì." Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Sẹ́ẹ̀tì." Ọ̀gbẹ́ni yìí ti lọ! Ó sáré dé òpin, ó gbé ọwọ́ sókè, ó yíjú padà, àwọn yòókù ṣì wà lórí ìlà ń wò ó. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ṣebí tíṣà ti sọ̀rọ̀. Mo ní sẹ́ẹ̀tì kì í ṣe "máa lọ", sẹ́ẹ̀tì ni pé kí ara rẹ ti jókòó síbi tó yẹ, kó má mì mọ́. Ẹ mọ̀ pé eré ìje tó gùn, láti 800 mítà lọ sókè, wọn kì í pe sẹ́ẹ̀tì rárá? "On your marks", ìbọn dún, ó parí. Eré kúkúrú títí dé 400 mítà nìkan ni wọ́n ń dá ẹsẹ̀ dúró fún bẹ́ẹ̀. Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn ni, 800 mítà ni mi ò bá fi orúkọ ẹ̀ sí.

Ẹlòmíì náà wà níbí tó kọ "the sun setted" sínú kọ̀m̀pósíṣọ̀n. Gbogbo kíláàsì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí di òní, torí ọmọ yẹn ló ronú jù nínú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ló ní kó fi -ed sí ìdí ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá, ó ṣe bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tún ní rárá, set lónìí, set lánàá, I have set. Bíi ti Yorùbá kọ́ nìyẹn? Mo lọ lánàá, mo lọ ní ìjẹta, "lọ" ò yí. Set, cut, put, hit, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó rọrùn fún wa jù lọ nínú èdè òyìnbó, àwa náà la tún ń bá wọn jà.

Kókó tó kù, ẹ̀yin tí ẹ rò pé òyìnbó ló ń da ọ̀rọ̀ rú nìkan ni mo fi ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Lọ́dún kan, wọ́n gbé kọ́pà kan wá sílé ìwé wa láti Benue, ọmọ dáadáa, ó fẹ́ gbọ́ Yorùbá. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ó kọ síbẹ̀: pa, kill. Ó tọ́ àbí kò tọ́? Ó tọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà kan wọlé, aṣọ ẹ̀ rin, ó ní "òjò pa mí." Kọ́pà wò ó, ó rí i pé ó ṣì ń mí. Ọ̀sán, tíṣà kejì ní "ebi ń pa mí." Nígbà tó yá wọ́n ń ṣe àwàdà, ẹnì kan di ikùn mú, ó ní "ẹ̀rín pa mí o." Kọ́pà bá wá bá mi, ó ní ọ̀gá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń kú nílùú yìí lójoojúmọ́?

Ìyẹn kéré. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá tó ni ilé tó ń gbé sáré jáde, ayọ̀ ń ṣẹ́ lójú ìyá, ó ní "Adìyẹ mi pa ọmọ!" Kọ́pà dìde, ó káwọ́ lérí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á fi òmíràn dá a padà." Mọ́kànlá ni ọmọ adìyẹ náà o, gbogbo wọn ń ké ṣíọ́ṣíọ́ lábẹ́ ìyá wọn. Ìyá onílé ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ní kọ́pà ṣépè fún adìyẹ òun.

Ẹ dákun, báwo lẹ ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún un? Ẹ pa iná. Ẹ pa òwe. Ẹ pa àlọ́. Ẹ pa irọ́. Ẹ pawó. Ọba pàṣẹ. Ẹ panu mọ́. Ewúrẹ́ tí a pa kú, ẹyin tí adìyẹ pa yè. Ọ̀rọ̀ kan náà! Ká ní Murray bá Yorùbá pàdé nínú àgọ́ onípáànù yẹn ni, pa nìkan ni ì bá máa kọ di ìsinsìnyí.

Mo sọ fún kọ́pà pé kó fagi lé ibi tó kọ "kill". Kó má kọ pa lóun nìkan mọ́. Kó kọ ọ́ pẹ̀lú ẹni tó bá tẹ̀ lé e, pa iná, pa ọmọ, pa òwe, torí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, ẹ mọ ohun tó máa jẹ, mi ò ní parí ẹ̀ níwájú oúnjẹ. Set náà, iṣẹ́ tí mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣe ni pé kí n máa bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má wo set, kí wọ́n wo ẹni tó jókòó tì í. Tó bá jẹ́ up ló jókòó tì í, ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ off, ó ti gbéra. Tó bá jẹ́ aside, wọ́n ti yọ ọ́ sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ free, wọ́n ti tú u sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀yẹ́ tàbí òjò tó set in, ó ti wọlé, kò lọ mọ́.

Àwa tiẹ̀ ní ohun kan tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní, ohùn. Níbi Ojúde Ọba yẹn náà, ẹṣin àwọn ìdílé Balógun wọ gàárì, àwa tá à ń wò wọ́n a mu gààrí Ìjẹ̀bú sínú kó tó di pé a jáde. Gàárì lórí ẹṣin, gààrí nínú ikùn, ohùn ló pín wọn níyà, ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní ṣì wọ́n mú. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́, ẹ ó máa fi gààrí di ẹṣin.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tá a ta nígbà tá a yá set. A kò yá gbogbo ẹ̀. Kò sí Yorùbá tó máa sọ pé oòrùn ti sẹ́ẹ̀tì, oòrùn wọ̀ ni. A kì í sẹ́ẹ̀tì tàkúté, à ń dẹ ẹ́ ni. A ní tiwa. Ṣùgbọ́n a yá sẹ́ẹ̀tì irun, a yá sẹ́ẹ̀tì kúlà, a yá "wọ́n sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni" fún ẹni tí wọ́n dẹ páńpẹ́ sílẹ̀ dè, a sì yá sẹ́ẹ̀tì ti yín yìí. Kí ló dé tá a yá a? Ṣebí a ní ẹgbẹ́, a ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́? Mo rò ó títí. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ọjọ́ orí ló kó wọn jọ. Ẹ̀yin kì í ṣe ọjọ́ orí. Nígbà tí ẹ wọ JS 1, ẹnì kan wà nínú yín tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ẹnì kan sì wà, mi ò ní dárúkọ, tó ti ń fá irùngbọ̀n kó tó wá sí asẹ́ńbílì. Bí ìyẹn bá wọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ kékeré yẹn. Àga kan náà ní kíláàsì kan náà, ẹgba tíṣà kan náà, ló sọ yín di ọ̀kan. A ò ní ọ̀rọ̀ kan fún ìyẹn tẹ́lẹ̀, torí kò sí ilé ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ọmọlẹ́yìn ni mo ní ó wà lórí báńà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò yín báyìí, tí ẹ tún lọ to ara yín bí ẹ ṣe máa ń jókòó ní kíláàsì, àwọn aláriwo lẹ́yìn, àwọn tó máa ń jábọ̀ fún tíṣà níwájú, mo rò pé ti ìjókòó yẹn náà wà níbẹ̀.

Alága ń wo aago. Mo ti rí i, sà. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn náà ti ń tẹ́ tábìlì, ìró abọ́ ni mò ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lórí sìmẹ́ǹtì. Ìkọ́kọrẹ́ wà, òórùn ẹja yíyan ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ìkọ́kọrẹ́ kì í dúró de èèyàn, tó bá tutù pẹ́nrẹ́n ó máa dì, ṣíbí á dúró ṣánṣán nínú ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ jẹ ẹ́ kó tó sẹ́ẹ̀tì.